Bí Míṣọ́nnárì Ṣe Lè Rí Ayọ̀ Nínú Iṣẹ́ Òòjọ́ Rẹ̀ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tí ìjọ bá rán láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ní orílẹ̀-èdè Benin, láti wàásù ìyìn rere máa ń fi ìtara dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti máa ráhùn pé ayọ̀ tí àwọn gbé wá ti tán. Èmi náà ráhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé à ń ka ohun tí kò yẹ kí a máa kà. À ń ka iye ẹni tí ó gbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Ọlọ́run ni ìyẹn wà. A kò ka iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa, èyí tí a lè bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kí a sì parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ra ìwé kékeré kan tí ó lè wọ àpò, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ìlérí tí ẹ bá ṣe sínú rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní Kétu, ìyá àgbà kan bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun ka lẹ́tà tí ọmọ òun fi èdè Faransé kọ láti Kútọnu. Mo ní n óò wá ní ọjọ́ kejì, mo sì gbàgbé, nítorí pé ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń múra sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rántí. Àwọn ará ilé sọ fún mi pé láràárọ̀ ni ìyá ń gbé àpótí síta tí ó ń retí mi. Kò bá mi wí rárá, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi, iṣẹ́ yín pọ̀.” Kíkí yẹn dùn mí ju èébú lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ìlérí.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Ẹ kọ déètì, orúkọ ẹni náà, ohun tí ẹ ṣèlérí àti ọjọ́ tí ẹ dá. Lálaalẹ́, kí ẹ tó gbàdúrà, ẹ fa ìlà lé èyí tí ẹ ti ṣe tán pátápátá; èyí tí ẹ bá ṣe dé ìdajì, ẹ má fa ìlà lé e. Bí ìlérí kan kò bá ní ṣeé ṣe mọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sọ fún ẹni náà, ẹ má rán ọmọdé. Ẹ má sì jẹ́ kí ìlérí ọjọ́ kan ju mẹ́ta lọ, nítorí pé ẹnu àwa oníwàásù máa ń yára ju ẹsẹ̀ wa lọ. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún oṣù kan yóò rí i pé ìdùnnú tí ó wà nínú ìlà kékeré yẹn kì í ṣe kékeré.

Iṣẹ́ kejì ni èdè. Yorùbá inú Bíbélì kọ́ ni Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú ilé ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tí ó bá sì rò pé òun ti gbọ́ tán nítorí pé òun gbọ́ ti Àjàṣẹ́ yóò máa dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú ìwàásù. Ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àgbàlagbà lójoojúmọ́, kí ẹ sì lò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n bí sí Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ṣùgbọ́n 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá tó délé. Ó ju 40 ọdún lọ tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é fi ń wá ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹnu iṣẹ́ náà ló sì wà ní Abẹ́òkúta ní 1846 nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25 tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n nípa.

Ẹ má sì fi ọwọ́ yín pamọ́. Crowther kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró (Sierra Leone). Káfíńtà náà ni Samuel Biléhou Oschoffa, ẹni tí ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, bí àkókò kajú bá dé, kò sí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ yín lọ́sàn-án; ẹ bá wọn ṣa kajú, kí ẹ sì fi ìwàásù sí ìrọ̀lẹ́, kí ó kúrú. Ẹ̀yìn tí ó ń ro yín á jẹ́ kí ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ti rẹ̀ lè gbọ́.

Ní Kétu, ẹ bi àwọn àgbà léèrè àkókò tí wọn yóò jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ẹ má lọ fi ìṣọ́ òru sí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn alẹ́ orin tí ó máa ń ṣáájú ijó náà. Ìjà tí a kò dá sílẹ̀ kì í gba àkókò iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ máa kí lèmọ́mù àdúgbò pẹ̀lú, ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi lọ́sẹ̀.

Bí ìjọ bá gbé yín lọ sí ibòmíràn, àwọn ìlérí kan yóò ṣẹ́ kù tí ìlà kò tíì kàn. Ẹ dà wọ́n kọ sí ojú ewé tuntun, kí ẹ mú ẹni tí ó gba ipò yín dé ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí onílé gbọ́ orúkọ rẹ̀ létí, kí ẹ tó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.