Bí mo ṣe yan ìbọn tí mo fi ń ṣọ́ ilé mi n'Ìkòròdú

Ilé mi wà lápá Ìmọ̀ta, níbi tí ilé kò tíì fara kan ilé, tí iná mànàmáná sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú lọ́dún 2016 sí 2017, nígbà tí àwọn Badoo ń wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí tọkọtaya àtọmọ, kò ní bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe.

Síbẹ̀, ìbọn kọ́ ni mo kọ́kọ́ náwó lé. Ilẹ̀kùn onírin, irin ojú fèrèsé, iná sólà ní igun ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ajá méjì ló ṣáájú. Títí di òní, mo gbà pé àwọn wọ̀nyẹn ló ń ṣọ́ ilé ju ìbọn lọ. Ẹni tó bá ti já gbogbo wọn kọjá ni ọ̀rọ̀ ìbọn kàn.

Òfin ti bá wa yan púpọ̀ ká tó dé ọjà. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tí ó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà tí wọ́n kà léèwọ̀: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́, àti pọ́ǹpù-áṣọ̀n (èyí tí à ń fa igi abẹ́ rẹ̀ kó tó kó ọta sẹ́nu) irú yòówù kó jẹ́. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ irú wọn, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ yóò fi ọdún 10 jura ní ẹ̀wọ̀n, ó kéré tán. Ìkejì ni tàwa ará ìlú: ìbọn ọlọ́ta (ṣọ́tígọ̀nù) tí kì í fúnra rẹ̀ kó ọta sẹ́nu, ìbọn tí wọ́n fi ń dẹ ẹran, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìkẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Èyí já sí pé ìbọn tí mo lè gbà ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tó sì wúlò nínú ilé, kò ju oríṣi kan lọ: èyí tí a máa ń ṣẹ́ láàárín, tí a ó fọwọ́ ki ọta sí, tí a ó pa á dé. Ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, ìyẹn ọ̀pá irin kan tàbí méjì, ó tán.

Ọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún mi sọ pé, "Ọ̀gá mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, pọ́ǹpù ni àwọn ńlá ńlá ń lò. Màá bá yín wá ìwé." Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo wọ ọkọ̀ mi. Ìbọn tí ẹ máa fi pamọ́ fún olè àti ọlọ́pàá pọ̀, ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ ààbò?

Ìwé ni mo kọ́kọ́ wá. Ọ́fíìsì ọlọ́pàá n'Ìkẹjà ni mo kọ ọ́ sí. Òfin ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Wọ́n wádìí mi, wọ́n bi mí níbi tí màá ti máa tọ́jú rẹ̀, ó sì pẹ́. Mi ò ní fi ìyẹn gùn yín létí.

Bàbá ọdẹ kan wà ládùúgbò wa, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Olúọdẹ. Mo lọ kí wọn lálẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi mójú tó ìbọn tí mo fẹ́ rà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ fi ṣe fọ́ọ̀tò?" Mo ní rárá o. Wọ́n wo ṣakabùlà tiwọn tó fara ti ògiri, wọ́n ní òun kọ́ ló yẹ mí: tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó di kí èèyàn dúró máa da ẹ̀tù, máa kì í, àti pé lásìkò òjò, ẹ̀tù tó ti rin kò mọ ọlọ́gbọ́n.

Ẹlẹ́nu kan ni ó rọ̀ lọ́wọ́ jù, ó sì fúyẹ́. Ohun tó mú mi fi owó kún un ni ohun tí Bàbá sọ nípa ẹlẹ́nu méjì olótírígà méjì: ìbọn méjì ló jókòó sórí igi kan. Tírígà iwájú ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tẹ̀yìn ní tirẹ̀. Tí sípíríǹgì kan bá ṣẹ́, tàbí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ìka ẹni á sún sí èkejì. Kò sí ìbọn olówó ńlá kankan tí òfin gbà wá láyè láti rà tó fọkàn ẹni balẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń sọ pé ẹlẹ́nu méjì ti di nǹkan àná, ó jọ pé wọn kò tíì rí i kí nǹkan ìgbàlódé há lóru.

Èmi àti Bàbá jọ lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, ẹlẹ́nu méjì oríṣi méjì ni a bá. Ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti gbó, igi rẹ̀ ń dán, iṣẹ́ ọnà wà lára irin rẹ̀. Èkejì ni Baikal, tí wọ́n ṣe ní Izhevsk ní Rọ́ṣíà, ó le bí ẹni pé ilé àgbẹ̀dẹ ló ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fà mí lójú. Bàbá yọ ọ̀pá irin rẹ̀, wọ́n dà á bolẹ̀, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ fún wọn. 65 ni. Èyí ni gígùn ihò tí ọta ń jókòó sí, ní mìlímítà. Ọta tó pọ̀ lọ́jà lónìí, 70 ni. Ó lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá ṣí lẹ́nu nígbà tó bá dún, ibi tó há ni yóò bá, agbára á sì pọ̀ ju ohun tí irin àtijọ́ lè gbé lọ. Baikal náà ni 70.

Wọ́n wá mú Baikal. Wọ́n ṣí i kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ pé kò sí ọta, wọ́n tún fi ìka wọ inú ihò méjèèjì. Wọ́n yọ igi iwájú, wọ́n pa á dé, wọ́n mì í lẹ́bàá etí: kò dún ṣákálá. Wọ́n gbé ihò kọ́ ojú ọ̀run, wọ́n ní kí n wò ó. Mo rí òrùka ìmọ́lẹ̀ lórí òrùka, wọ́n rí roboto. Ibi tí irin bá ti tẹ̀, òrùka yóò wọ́ síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí: wọ́n fi ìka kan gbé ọ̀pá méjèèjì rọ̀, wọ́n fi èékánná kàn án. Ó dún bí agogo. Wọ́n ní tí ẹ bá gbọ́ "kpọ̀kpọ̀", ohun tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti tú nìyẹn. Oníṣòwò kò sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà. Wọ́n fi ọta àdánwò tí kò ní ẹ̀tù yin tírígà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti lọ́ọ̀kù, wọ́n tún yìn, kò dún. Mo wá fi nọ́ńbà ara ọ̀pá wé ti ara irin, mo fi wé ti ìwé, wọ́n bára mu.

Ihò 12 ni mo mú, kì í ṣe pé ó lágbára jù. Tí a bá rọ òjé pọ́n-ùn kan sí ọta roboto 12, tó ṣe déédéé ihò náà, òun ni 12. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé ọta rẹ̀ ló wà káàkiri. Ìbọn tí kò rí ọta rà, igi lásán ni.

Ọta ló kù. A sọ fún baálẹ̀ àti téṣàn kí ìró má bàa da ará àdúgbò láàmú, a sì lọ sóko Bàbá lọ́nà Àgbówá. A gbé páálí sí ọ̀nà tó tó ibi tí ibùsùn mi fi jìnnà sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní 00, èyí tó ní hóró òjé 9 nínú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 8 àtààbọ̀, ni a yìn. Gbogbo rẹ̀ wọ inú àyè tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwọn tó ń sọ pé ìbọn ọlọ́ta kì í tàsé kò tíì yìn ín nínú ilé: ó yẹ kí ẹ fojú sun gan-an. Ó tún jáde lẹ́yìn pákó tí a fi sẹ́yìn páálí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ mi pákó ni. Nítorí náà mo dúró ní igun ilé, mo wo ibi tí ọta yóò já sí láti igun kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi sì mọ ibi tí òun àti àwọn ọmọ yóò dojú bolẹ̀ sí.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 33, gbà kí èèyàn fi ipa gba ara rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀, tí ipá náà bá mọ níwọ̀n. Lójú tèmi, ẹni tó ti yí ẹ̀yìn dà tó ń sálọ kò sí nínú rẹ̀. 

Apótí irin tí mo fi bóòtù kàn mọ́ ògiri ni ìbọn náà ń gbé, láìní ọta nínú. Ọta wà nínú apótí mìíràn, kọ́kọ́rọ́ wọn kò sí lójú kan. Àwọn tí wọ́n ń fi ìbọn sábẹ́ ìrọ̀rí, ọmọ wọn ló lè kọ́kọ́ rí i. Ọdọọdún ni mo ń tún ìwé rẹ̀ gbà, alága àwọn láńlọ́ọ̀dù mọ̀ pé ó wà. Àwọn fijilanté ti bẹ̀ mí rí pé kí n bá wọn gbé e jáde lóru. Mo ní mi ò lè ṣe é, nítorí orúkọ mi nìkan ló wà lórí ìwé yẹn.