Bí mo ṣe yẹ ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wò kí bàbá wa tó wọ ibẹ̀

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọlu bàbá wa, tó sọ apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn di aláìlágbára. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn ìgbàgbé tún dé. Àwa ọmọ ṣe é dé ibi tí agbára wa mọ, àmọ́ nígbà tó di pé èèyàn méjì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tọ̀sán-tòru kí Bàbá tó lè dìde lórí ibùsùn, a fẹnu kò pé ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló kàn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá èyí tó dára. Bí mo ṣe ṣe é ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò nílé, mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tí Bàbá ò lè dá ṣe mọ́. Wọn ò lè dìde fúnra wọn. Oúnjẹ wọn gbọ́dọ̀ rọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì ti yí padà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n lè fi tẹ aago ìpè. Wọ́n máa ń jí lóru, wọ́n á sì fẹ́ jáde. Ìwé yìí ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ, torí ilé ìtọ́jú ò rí bákan náà. Àwọn kan wà fún ẹni tó ṣì ń rìn, tó kàn nílò ẹni tí yóò máa fi oògùn rán an létí. Àwọn mìíràn ní nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án lóru. Díẹ̀ nínú wọn ní apá ibì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé, kí wọ́n má bàa rìn sọnù. Nígbà tí mo ka ìwé mi sí àwọn alábòójútó létí lórí fóònù, àwọn kan sọ ojú abẹ níkòó pé àwọn ò lè tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì pa orúkọ wọn rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá àbọ̀ àwọn olùbẹ̀wò ìjọba. Ní orílẹ̀-èdè tí ètò yìí ti wà, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ní Amẹ́ríkà, láti 2008 ni wọ́n ti ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti orí 1 títí dé 5; ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ CQC, tó ń bẹ àwọn ilé ìtọ́jú wò, pín wọn sí ipele 4. Ìràwọ̀ tàbí ipele dára láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ inú àbọ̀ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àṣìṣe tó bá ń padà jáde láti ọdún dé ọdún ni mo fojú sí, àgàgà tó bá jẹ mọ́ egbò, oògùn tàbí ìṣubú. Kí wọ́n bá ilé kan wí lẹ́ẹ̀kan torí ìwé tí wọn ò fọwọ́ sí, ìyẹn ò dẹ́rù bà mí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn alábòójútó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Wọ́n á mú mi yípo, wọ́n á fi yàrá ìgbàlejò hàn mí, àti ọgbà, àti tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn, ṣùgbọ́n ara àwọn àgbàlagbà tó jókòó síbẹ̀ ni mò ń wò. Ṣé wọ́n gé èékánná wọn? Ṣé ètè wọn gbẹ? Ṣé aṣọ tó wà lọ́rùn wọn mọ́, àbí ti àná ni? Ṣé ojú wọn là, àbí gbogbo wọn ń tòògbé láàárọ̀?

Omi ni mo wò jù. Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ara lè ti gbẹ kó tó béèrè omi. Ẹni tó bá tún ní àrùn ìgbàgbé lè má béèrè rárá. Nínú ilé kan tó rẹwà gidigidi, mo wọ yàrá ìyá àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bíi ti Bàbá. Jọ́ọ̀gì omi kún dẹ́múdẹ́mú lórí tábìlì wọn, kọ́ọ̀pù mímọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ òsì ni wọ́n gbé tábìlì náà sí, ọwọ́ òsì ọ̀hún ló sì ti kú. Mo kí Màmá, mo béèrè bóyá wọ́n á mu omi. Kọ́ọ̀pù méjì ni wọ́n mu tán láìsinmi. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì kí n tó kúrò níbẹ̀, mo sì yọ ilé náà kúrò nínú èyí tí mò ń gbé yẹ̀ wò.

Ní ti òórùn, kò sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà tí òórùn ìtọ̀ ò ní jáde láti yàrá kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn tó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo padà lọ, ìyẹn ló ń sọ pé ìlédìí kì í tètè kúrò lára wọn. Lọ́fínńdà tí wọ́n fọ́n kárí ilé náà máa ń mú kí n fura.

Ọ̀rọ̀ egbò ìdùbúlẹ̀ ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù sí, torí òun ló lè pa ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà. Ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ ara ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀, ìbàdí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìwúwo ara tẹ ibẹ̀ mọ́ ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá, ẹran ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àṣà tó ti pẹ́ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n máa yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà ní nǹkan bíi wákàtí 2 síra wọn, àmọ́ ara kálukú ló ń pinnu rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé egbò fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ dáhùn pé awọ á pọ́n. Lóòótọ́ ni, àmọ́ lára ẹni tó dúdú bíi tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn sójú. Awọ ibẹ̀ lè dúdú ju ibi tó kù lọ, ó lè gbóná, ó lè le tàbí kó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ èyí fún mi láìjẹ́ pé mo tọ́ka sí i, ó sì fi ìwé tí wọ́n ń kọ àkókò ìyípadà sí hàn mí, òru pẹ̀lú ọ̀sán. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun láìtíì yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni mo yàn, torí ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ máa ń dín kù, tí ọ̀gá ò sì ní sí nílé. Mo dé lákòókò oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń fún àgbàlagbà lóúnjẹ ń sọ púpọ̀. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa gbọ́dọ̀ jókòó ṣánṣán. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ilé kan, olùtọ́jú kan dúró lórí ìdúró, ó ń fún èèyàn mẹ́ta lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò bá ìkankan nínú wọn sọ̀rọ̀. Nínú ilé kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó kí ojú òun àti bàbá tó ń bọ́ lè dọ́gba. "Bàbá, ẹ gbé ti ẹnu yín mì ná," ló ń wí, ó sì dúró títí ọ̀fun fi lọ kó tó bu ṣíbí mìíràn. Mo tún fetí sí aago ìpè. Níbì kan, ó dún títí mo fi rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ tí mo tún rìn ín padà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kọjá lábẹ́ iná rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, iye òṣìṣẹ́ ló gbé e dúró. Mi ò béèrè bóyá òṣìṣẹ́ wọn tó, torí ta ni yóò sọ pé kò tó? Iye ni mo béèrè, mo sì ṣe ìṣirò. Ilé kan ń tọ́jú àgbàlagbà 60. Nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú 21 ló ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sán àti òru kan, wákàtí 8 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. 21 lọ́nà 8 jẹ́ 168. Tí a bá pín in fún 60, ohun tó kan àgbàlagbà kan ò tó wákàtí 3 lójúmọ́. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2001 sì fi hàn pé, fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pẹ́, tó bá ti dín sí wákàtí 4.1, ìtọ́jú máa ń mẹ́hẹ. Mo tún ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú fúnra wọn, nígbà tí ọ̀gá ò sí nítòsí, pé èèyàn mélòó ló wà lọ́wọ́ wọn lónìí, àti pé ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Níbi tí kò sí ẹni tó ti lo ọdún kan, ta ni yóò mọ̀ pé Bàbá tó dákẹ́ lónìí kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Mo tún béèrè nípa oògùn. Àwọn ibì kan máa ń fún àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé ní oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn tí orí wọn dàrú, kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní 2005, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé irú oògùn yìí ń mú kí ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé. Mo sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún Bàbá láìpè wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni dídè mọ́ àga. Ilé tó sọ pé bẹ́líìtì ni àwọn fi ń dènà ìṣubú, mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ìwé àdéhùn, ẹ̀gbọ́n mi tó mọ̀ nípa òfin ló bá mi kà á. Ohun tí a wá níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n lè ní kí Bàbá máa lọ, àti ẹni tó jẹ gbèsè tí owó bá tán.

Ilé tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wà la yàn. Kíkùn ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, yàrá ibẹ̀ ò sì tóbi. Kìlógíráàmù 70 ni Bàbá wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí kí àgbàlagbà pàdánù 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lóṣù kan, tàbí 10 nínú 100 lóṣù 6, kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò. Ní oṣù kejì, kìlógíráàmù 2 ti lọ. Mo gbé ìwé náà fún nọ́ọ̀sì, àwa méjèèjì wò ó, ó sì pe àwọn olùtọ́jú alẹ́. Wọ́n ní oorun ti máa ń gbé Bàbá lọ kí oúnjẹ alẹ́ tó dé. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń gbé tiwọn ṣáájú ti àwọn yòókù. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ 69.5.