Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Mọ́dábọ́ọ̀dù Olówó Pọ́ọ́kú Tó Gba Overclock ní Èkìtì

Overclock ni pé kí ẹ mú purosẹ́sọ̀ sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ wo chipset rẹ̀ ná, ìyẹn ègé tí ń darí ohun tí bọ́ọ̀dù lè ṣe. Ní ti purosẹ́sọ̀ Intel, bọ́ọ̀dù Z ni kí ẹ wá, bíi Z390, Z490 tàbí Z690, purosẹ́sọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní K lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Bọ́ọ̀dù H tàbí B ti Intel kò ní jẹ́ kí ẹ fi kún eré rẹ̀. Ní ti AMD, B350, B450, B550 àti B650 gbà á; A320, A520 àti A620 kò gbà á. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, B450 tòkúnbọ̀ ni ká ní kó wá, kó fi purosẹ́sọ̀ AMD Ryzen 5 3600 tàbí 5600 sí i.

Ohun kejì ni VRM, ibẹ̀ ni owó yín sì yẹ kó lọ, kì í ṣe sí iná aláràbarà. VRM ni àwọn ègé kéékèèké tó tò yí purosẹ́sọ̀ ká, tí ń sọ fóltì 12 di bíi 1.3. Bí wọn kò bá ní irin tí ń gba ooru lórí, wọn a gbóná, bọ́ọ̀dù á sì dín eré kù fúnra rẹ̀: ẹ ó ti náwó lórí eré tí ẹ kò rí. Nínú yàrá tí kò sí fáànù ní Adó ní oṣù kẹta, kíákíá nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. MSI B450 Tomahawk Max ní irin yìí. Ti MSI B550-A Pro tún lágbára jù ú lọ. Bọ́ọ̀dù tí ihò iná purosẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin péré, ẹ fi sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ẹ mú.

Bó bá jẹ́ pé Computer Village ní Ìkẹjà ni yóò ti wá, ẹ má sanwó kí ẹ tó rí fídíò ibi tí wọ́n ti tàn án, tí BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ bó bá tàn) fi orúkọ bọ́ọ̀dù àti gbogbo RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) hàn, nítorí owó mọ́tò láti dá a padà lè gbé èrè yín lọ. Bó bá wà níwájú yín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ihò purosẹ́sọ̀ Intel: ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀ lè pa ojú RAM kan. Lára AM4, ìyẹn irú ihò purosẹ́sọ̀ tó wà lórí B350, B450 àti B550, purosẹ́sọ̀ ló ní ẹsẹ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kapásítọ̀ tó wú lórí, ẹ má rà á. Ẹ rántí pé Ryzen 5 3600 àti 5600 kò lè gbé àwòrán jáde fúnra wọn; láìsí káàdì àwòrán, ojú á dúdú, ẹ ó sì rò pé bọ́ọ̀dù ti kú.

B450 àtijọ́ kì í dá 5600 mọ̀ títí ẹ ó fi sọ BIOS rẹ̀ di tuntun. Ẹ fi fáìlì BIOS tuntun náà sínú fíláàṣì tí ẹ ti fọ́máàtì sí FAT32. Ẹ má ṣe é lórí iná Nẹ́pà lásán: bí iná bá lọ láàárín, bọ́ọ̀dù lè má tàn mọ́. Ẹ so ó mọ́ ínfátà tí bátìrì rẹ̀ kún. Bọ́ọ̀dù tó ní bọ́tìnì Flashback, bíi Tomahawk Max yẹn, ni a fẹ́ràn jù, torí ó lè gba BIOS láìsí purosẹ́sọ̀ lórí rẹ̀, ó sì lè jí padà bí iná bá já a kulẹ̀.

Ní ti eré gan-an, ẹ fi 25 MHz kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí fóltì má kọjá 1.3. Lẹ́yìn ìfikún kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí Cinebench, ètò tí ń dán agbára purosẹ́sọ̀ wò, ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa fi HWiNFO, ètò tí ń fi ooru hàn, wò ó: bí purosẹ́sọ̀ bá kọjá 85°C, ẹ padà sẹ́yìn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku inú fáànù lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bí kò bá tàn mọ́ lẹ́yìn ìfikún kan, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. Gbogbo ètò á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.