Bí A Ṣe Ń Yẹ Rìfọ́fà Àlòkù Wò Ní Ilé Ìtajà Ìbọn Kí A Tó Sanwó

Nínú àpótí onígíláàsì tó wà lábẹ́ káńtà ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ìbọn ní Texas, igun kan máa ń wà tí wọ́n ń to ìbọn àlòkù sí, rìfọ́fà kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Rìfọ́fà ni ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ máa ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan bí a bá ti ń yìn ín. Òun ni ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà tí iléeṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ rẹ̀ sí ìbọn onímágásíìnì láàárín 1980 sí 1999, tí wọ́n sì ń da èyí tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí ti mọ ìlàjì ohun tí mo fẹ́ sọ: ọ̀dà kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a kì í gbé ìbọn lọ tẹ́ẹ́sì kí a tó rà á, nítorí náà ojú, ìka ọwọ́ àti sùúrù nìkan ni a ní níwájú káńtà.

Òfin ló ṣáájú ọjà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí tó ní gírínkáàdì lè ra ìbọn, bí kò bá sí ohun tí òfin fi dè é, bíi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tàbí ẹjọ́ lílu ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò kò láṣẹ láti ra ìbọn tàbí láti ní i lọ́wọ́, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ bíi kí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá. Òfin ìbọn ti 1968 ló ní kí oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ má ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, kí ó má sì tà á fún ẹni tí kì í gbé ní ìpínlẹ̀ tí ilé ìtajà náà wà. Ẹ ó kọ Fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìbéèrè ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ń ra ìbọn, oníṣòwò yóò sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ètò àyẹ̀wò FBI tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998. Nígbà mìíràn, ìdáhùn máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà mìíràn, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ mú gírínkáàdì àti ìwé ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ tí àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń gbé báyìí wà lára rẹ̀ dání, nítorí àdírẹ́sì ilé àtijọ́ máa ń dá ènìyàn padà.

Ohun méjì wà tí mo gbọ́dọ̀ là mọ́lẹ̀ níbí. Bí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ yín bá kó owó lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ bá òun ra ìbọn lórúkọ yín, ẹ má ṣe é, nítorí fọ́ọ̀mù náà béèrè gbangba bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń rà á fún ara yín. Irọ́ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀. Ìdálẹ́bi lórí òfin ìbọn sì lè sọ ẹni tó ní gírínkáàdì di ẹni tí wọ́n ń dá padà sílé. Èkejì ni ti ilé: Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka rìfọ́fà mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè ki i bọ inú ẹrù tó ń lọ sí Àpápá tí kò ní di ẹjọ́ ní etí òkun méjèèjì.

Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Ìlànà tí ilé ìtajà gbogbo ń lò nìyẹn. Ẹ kí olùtajà, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ rí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣí àgbá ọta rẹ̀ níwájú yín kí ó tó nà án sí yín. Bí ó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ tún ẹyọ ihò kọ̀ọ̀kan wò fúnra yín, kí ẹ mú ìka ìfábẹ̀lá kúrò lórí apátí (irin tí ìka ń fà kí ìbọn lè dún), kí ẹnu ìbọn sì kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ibi tí ènìyàn kò sí. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fa apátí lórí ihò òfìfo, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìbọn tó ń lo ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, nítorí èyí lè ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì fi ọrùn ọwọ́ ju àgbá ọta padà sí àyè rẹ̀ bí àwọn òṣèré fíìmù ṣe máa ń ṣe. Àṣà yẹn máa ń tẹ apá tó gbé e dúró. Olùtajà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gba ìbọn náà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ẹwà òde ló máa ń tan ènìyàn jùlọ. Ara ìbọn tí dúdú rẹ̀ ti ṣá ní ẹnu ọ̀pá àti létí àgbá ọta kò dẹ́rù bà mí rárá, nítorí àpò awọ ló ha á bẹ́ẹ̀. Irú ìbọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ti lè wà ní ìbàdí fún ogún ọdún kí wọ́n má sì yìn ín ju ọjọ́ ìdánwò lọ. Èyí tí mo máa ń fura sí ni èyí tó ń dán bíi tuntun nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá: bí etí wọn kò bá mú mọ́, tí igun irin ti di róbótó, tí etí ihò súkúrù sì ti rì sínú díẹ̀, wọ́n ti ha ara rẹ̀ kó lè dán, wọ́n sì ti kun ún ní dúdú mìíràn. Lára ọ̀pọ̀ rìfọ́fà iléeṣẹ́ Smith & Wesson àtijọ́, òòlù (irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń kọlu ìdí ọta) àti apátí máa ń ní àwọ̀ oríṣiríṣi bí epo tó dà sójú omi; bí àwọn náà bá dúdú kirikiri bíi ara ìbọn, ẹ ti rí ẹ̀rí. Ẹ wo orí súkúrù pẹ̀lú, nítorí èyí tí ojú rẹ̀ ti fàya ń sọ pé ẹnì kan ti tú inú rẹ̀ wò nínú ilé ìdáná rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ ní kí wọ́n bá yín tú igi èèkù, torí abẹ́ rẹ̀ ni ìpẹtà máa ń sá sí.

Ibi tí ọkàn yín gbọ́dọ̀ wà jù ni bí àgbá ọta ṣe ń yí àti bí ó ṣe ń dúró. Bí a bá ti ń fa òòlù sẹ́yìn, irin kékeré kan máa ń ti àgbá náà yí, irin mìíràn láti ìsàlẹ̀ á sì bọ́ sínú kòtò ara rẹ̀ láti dá a dúró, kí ihò ọta lè dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá. Bí irin ìdádúró yìí bá pẹ́ kí ó tó bọ́ sí kòtò rẹ̀, ọta yóò jáde nígbà tí ihò kò tíì dọ́gba, yóò ha ara rẹ̀ sétí ọ̀pá, òjé yóò sì máa ta sí ẹ̀gbẹ́. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le: ẹ fi ìka kan rọra di àgbá náà mú bí ẹni fẹ́ dá a dúró, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró irin tó bọ́ sí kòtò kí òòlù tó dé òpin, tàbí kí méjèèjì ṣẹ̀lẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣe é fún ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tàbí márààrún bí ó bá jẹ́ olójú márùn-ún, nítorí márùn-ún lè pé kí ìkẹfà máa já ènìyàn kulẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọrọ àyè, ẹ di òòlù mú kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀, kí apátí ṣì wà ní fífà sẹ́yìn, kí ẹ wá mi àgbá ọta sọ́tùn-ún sósì. Ti Smith & Wesson àti Ruger máa ń mì díẹ̀, ìyẹn kò burú; ti Colt àtijọ́ gbọ́dọ̀ dúró gbọin bí ẹni pé wọ́n jó o mọ́ ọn. Ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn: bí ó bá ń rìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń gbọ́ ìró rẹ̀, ó ti jẹ ọta líle púpọ̀. Mo máa ń mú irin pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì lọ láti fi wọn àlàfo tó wà láàárín àgbá ọta àti ìdí ọ̀pá. Láti 0.004 sí 0.008 íǹṣì dára. Bí ó bá ti lé ní 0.010, mo máa ń dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fa òòlù sẹ́yìn pátápátá, ẹ mú ìka kúrò lórí apátí, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò ti òòlù láti ẹ̀yìn, láì fi agbára jù. Bí ó bá já bọ́, ẹ gbé ìbọn náà kalẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè mú ìyẹn dára.

Fún inú ọ̀pá, ẹ ṣí àgbá ọta, ẹ fi bébà funfun sí ẹ̀yìn ọ̀pá kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sínú rẹ̀, kí ẹ wá wò ó láti ẹnu. Àwọn ìlà tó wọ́ yíká inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete. Òrùka dúdú kan tó yí inú ọ̀pá ká túmọ̀ sí pé ọta kan ti há síbẹ̀ rí, tí òmíràn sì lọ kọlù ú. Ẹ yẹ ìdí ọ̀pá wò fún ìlà sísán, pàápàá lára Model 19 ti Smith & Wesson, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1955. Wọ́n gé abẹ́ ìdí ọ̀pá rẹ̀ pẹrẹsẹ kí àyè lè wà fún apá àgbá ọta, irin ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ọta .357 tó fúyẹ́ tó sì gbóná ti la ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Iná wẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fóònù ń tàn tó láti rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan láì mọ̀. Wọ́n mú mi dání lọ wo rìfọ́fà kan tí apátí rẹ̀ rọ̀ bí òwú, inú wọn sì ti dùn, wọ́n ti ń yọ káàdì báńkì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó." Súkúrù kékeré kan wà níwájú èèkù Smith & Wesson tó ń ti awẹ́ sípíríǹgì inú rẹ̀; ti ìbọn yìí yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó tú u ti sọ apátí di fúfẹ́, ṣùgbọ́n òòlù kò ní lágbára mọ́ láti lu ìdí ọta kí ó dún. Mo ní kí olùtajà bá wa dè é padà, apátí sì le bó ṣe yẹ kó le. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì rà á, ní owó tó kéré sí ti àkọ́kọ́.

Nípa irú èyí tí ẹ lè máa wá, Model 10 ti Smith & Wesson ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹni tí kò ní ìbọn rí: ìran rẹ̀ ti wà láti 1899, ọta .38 Special rẹ̀ rọrùn láti rí, alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ ṣí àgbá ọta, ẹ ó rí nọ́ńbà Model náà ní kọ̀rọ̀ irin tí apá rẹ̀ máa ń bò. Ruger àtijọ́ bíi Security-Six kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó nípọn, ó sì ń fara da ìyà. Colt Python lẹ́wà, ọjà rẹ̀ wọ́n, àtúnṣe ti àtijọ́ rẹ̀ sì ṣòro. Ẹni tó fẹ́ ohun èlò, tí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, kí ó fi í sílẹ̀. Taurus àti Rossi tó wá láti Brazil dín lówó, dídára wọn sì yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì, nítorí náà àyẹ̀wò tí mo kà sílẹ̀ yìí ni yóò dá ẹjọ́ wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan pàápàá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Smith & Wesson ṣe rìfọ́fà púpọ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo ọta .38 S&W, tí ó kúrú tó sì sanra ju .38 Special lọ. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ wọn padà sí Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò sì gbẹ́ ihò wọn gùn kí .38 Special lè wọ̀ ọ́. Èèpo ọta máa ń wú tàbí kí ó ya nínú wọn. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ọ̀pá, ẹ béèrè, kí ẹ sì wo inú ihò.

Ní ti owó, ẹ yẹ iye tí irú rẹ̀ ti tà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, kì í ṣe iye tí àwọn ènìyàn ń béèrè. Ẹ fi àléébù tí ẹ rí dúnàádúrà ní pẹ̀lẹ́, láì bu ọjà ọlọ́jà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbà á padà bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í gba àlòkù padà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sórí rìsíìtì.

Bí ó bá délé, inú àpótí alágàdágodo ni kí ó wà, kí ọmọdé má lè dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní pápá ìyìnbọn, ẹ wọ dígí ojú àti ìdí etí, kí ẹ ki ọta kan ṣoṣo bọ̀ ọ́, kí ẹ yìn ín, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ to èèpo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, kí ẹ sì wo àpá tí irin òòlù fi sí ìdí wọn. Bí gbogbo wọn bá wà ní àárín gbùngbùn, ẹ máa yìn ín lọ. Bí ọ̀kan bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi máákà sàmì sí ihò tó ti jáde, kí ẹ gbé ìbọn náà pẹ̀lú èèpo yẹn padà lọ bá olùtajà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.