Kí Ẹ Tó Gba Iye Ìwà Ọ̀daràn Gbọ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Bí Wọ́n Ṣe Ń Kà Á

Bí wọ́n bá kéde pé ìwà ọ̀daràn ti pọ̀ sí i lọ́dún yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ta ló fà á. Ìbéèrè yẹn ti yá jù. Ta ló kà á? Báwo ló ṣe kà á? Kí ló fi sílẹ̀ láìkà? Ẹni tí kò bá béèrè ìwọ̀nyí lè fi ọdún gbọọrọ jiyàn lórí iye tí kò sọ ohun tó rò pé ó ń sọ.

Àṣìṣe tó ń mú èèyàn jù ni kí wọ́n gbà pé gbogbo ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ló wà nínú ìwé ọlọ́pàá. Kí ọ̀ràn tó dé inú ìwé yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ṣẹ òun, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́, ọlọ́pàá tó bá lẹ́nu iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wádìí láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aráàlú fúnra wọn bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ wọ́n, ti rí i ní ọ̀pọ̀ ọdún pé ìwà ipá tí kò dé etí ọlọ́pàá pọ̀ ju èyí tó dé ibẹ̀ lọ. Èyí tó dé ibẹ̀ pàápàá kò tíì bọ́. Ẹ wo ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà nídìí káńtà sì kọ ọ́ pé “fóònù sọnù”. Wọ́n fún un ní ìwé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìṣirò ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó jalè.

Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn alábẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́pàá ní England àti Wales gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde: nínú ọ̀ràn 100 tí aráàlú mú wá, 19 ni ọlọ́pàá kò kọ sílẹ̀. Iye rẹ̀ lé ní 800,000 lọ́dún. Ti ìwà ipá tó 33 nínú 100, ti ìwà ìṣekúṣe tó lòdì sófin sì tó 26. Kí ìyẹn tó jáde, ní oṣù kìíní ọdún náà, àjọ tó ń mójú tó ìṣirò ìjọba ti yọ iye tí ọlọ́pàá ń kó jọ kúrò lára àwọn ìṣirò tó fọwọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá tún ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ṣe. Iye ìwà ipá tó wà nínú ìwé wọn fò sókè, ṣùgbọ́n ìwádìí láti ilé dé ilé kò rí irú ìbísí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé ọlọ́pàá nìkan á figbe ta pé ìlú ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ tiwọn.

Ẹ má sì fi iye orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn láìmọ òfin tí wọ́n fi ń kà á. Láti ọdún 1930 ni FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti ń kó iye jọ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀ràn tó wúwo jù nìkan ni wọ́n ń kà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Bí olè bá fọ́lé, tó kó ẹrù, tó sì pa onílé, ìpànìyàn kan ni wọ́n á kọ, ilé fífọ́ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ní Sweden ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ẹ̀kan tí obìnrin bá sọ pé ọkọ òun fipá bá òun lò pọ̀ ni wọ́n ń kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́jọ́ tó bá ti sọ ọ́. Ẹni tó bá wá kọ iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òfin kíkà méjì ló ń fi wéra, kì í ṣe ìwà èèyàn.

Kódà láàárín orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, òfin a máa yí padà. FBI fẹ ìtumọ̀ ìfipábánilòpọ̀ lójú nínú iye ọdún 2013. Obìnrin nìkan ni ti tẹ́lẹ̀ ń kà. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ètò ìkójọ lọ́dún 2021, ọlọ́pàá New York àti ti Los Angeles kò sí nínú iye ọdún yẹn rárá.

Ọ̀pọ̀ tó bá ti mọ àléébù ìwé ọlọ́pàá a máa sá tọ ìwádìí láti ilé dé ilé lọ bí ẹni pé òun kò ní àléébù. Òun náà ní àléébù tirẹ̀, èyí tó sì dùn mí jù nìyí. Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales. Títí di ọdún 2019, bí ẹnì kan bá sọ pé ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí òun léraléra, lọ́wọ́ ẹni kan náà, márùn-ún péré ni wọ́n ń kà, kí èsì èèyàn díẹ̀ má baà máa gbé iye ọdọọdún sókè-sódò. Ẹ wo ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń lù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́ta ló jìyà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló wọ ìṣirò. Àwọn tí ìyà ń jẹ jù lọ gan-an ni òfin yìí gé tiwọn kúrò. Wọ́n ti wá gbé ààlà náà sókè, ṣùgbọ́n ẹ má ka iye àtijọ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ohun tí wọn kò bá béèrè kò lè wọlé. Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa jìbìtì àti ìkọlù orí kọ̀ǹpútà nínú ìwádìí yìí kan náà, àròpọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò nílé, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn wọn. Ìrántí náà a sì máa tan èèyàn: ohun tó ti pé oṣù mẹ́jọ, èèyàn a ní kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ.

Òkú kò sì lè dáhùn ìbéèrè. Ní ti ìpànìyàn, inú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ikú la ti ń wá a, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sì lè jìnnà sí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Èèyàn 96 tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough ní England ní 1989, inú iye ọdún tó parí ní oṣù kẹta 2017 ni wọ́n wà, nítorí ọdún 2016 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ tó pinnu pé wọ́n pa wọ́n lọ́nà tó lòdì sófin. Àlàyé irú èyí máa ń wà nísàlẹ̀ àtẹ, ní lẹ́tà kékeré. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.