Kámẹ́rà DSLR Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Òkè Olúmirìn

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ sábà máa ń béèrè ni pé mélòó ni megapixel rẹ̀, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, níbo ni ẹ ń gbé e lọ? Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn-àjò kan ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ kúrò ní Iléṣà, ẹ gba ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ gun òkè Olúmirìn níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Kò sí ohun tó ń dán kámẹ́rà wò tí kò sí níbẹ̀: omi tó ń ta síni lára bí ìrì, òkúta tó ń yọ̀, abẹ́ igi tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó funfun báláú, àti òkè tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Kámẹ́rà tó bá yege níbẹ̀, kò sí òde tí kò lè lọ.

DSLR ni kámẹ́rà tó ní dígí nínú. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú lẹ́ǹsì wọlé, dígí yìí darí rẹ̀ sókè sí ihò tí ẹ ń yọjú wò. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí á gbéra, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á sì kan sensor, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán. Canon àti Nikon ti kọjú sí mirrorless báyìí, ìyẹn èyí tí kò ní dígí, ìdí sì nìyẹn tí DSLR tòkunbọ̀ fi pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì rọjú. Ó tún ní àǹfààní kan tí àwa tí iná ń ṣe ségesège mọ̀ ọ́n lò: ihò tí ẹ ń yọjú wò kì í jẹ iná. Nikon ka kámẹ́rà D3500 rẹ̀ sí àwòrán 1,550 lórí bátìrì kan tó kún, Canon sì ka 2000D tirẹ̀ sí 500. Ẹni tí wọ́n mú iná ilé rẹ̀ lọ láti àná ṣì lè jáde lónìí.

Bí ẹ bá pín owó ọwọ́ yín sọ́nà mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kí bọ́dì (ara kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì) àti lẹ́ǹsì tó bá a wá jẹ ju mẹ́fà lọ. Ẹ ya méjì sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ọ̀kan fún bátìrì kejì àti káàdì, ọ̀kan tó kù fún báàgì àti ohun tí ẹ ó fi máa nu lẹ́ǹsì. Ẹni tó kó gbogbo owó lé bọ́dì lórí ni ẹ máa ń rí ní ìdí omi tó fi láílọ́ọ̀nù ìpápánu bo kámẹ́rà, tí bátìrì sì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìpele kejì.

Bọ́dì

Megapixel 18 tó láti tẹ àwòrán sórí páálí A3 kó sì mọ́ kedere, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dà yín láàmú. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wò: ṣé ojú rẹ̀ tí ẹ ń wo àwòrán nínú rẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà ń yí síta, ṣé ó lè gbọn eruku kúrò lójú sensor fúnra rẹ̀, ṣé ó sì ṣeé gbé gun òkè.

Ojú tó ń yí ṣe pàtàkì nítorí pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwòrán omi ti máa ń dára jù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dojú bolẹ̀ lórí òkúta tútù kó tó lè yọjú wo ihò. Canon 700D, 750D àti 200D ní irú ojú bẹ́ẹ̀, Nikon D5300 àti D5600 náà ní in. Ti gbígbọn eruku: 700D àti 750D ń gbọn ọ́n, 1300D, 2000D àti 4000D kì í gbọn ọ́n. Nikon D3300 ń gbọn ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò lára D3400 àti D3500. Lásìkò òjò ẹ lè má mọ ìyàtọ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

4000D ni ká fò. Ike ni wọ́n fi ṣe ẹnu tí lẹ́ǹsì ń kọ́ sí, ojú rẹ̀ kéré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun àti 2000D tún ní àléébù kan tí òǹtajà kì í sọ: wọ́n ti yọ irin àárín kúrò níbi tí wọ́n ń gbé fláàṣì lé. Fláàṣì olówó pọ́ọ́kú tó gbára lé irin yẹn kò ní tàn lórí wọn. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn pé kámẹ́rà yìí náà ni ẹ ó fi máa ya àwòrán níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú 1300D tàbí 700D dípò.

70D, 80D, D7100 àti D7200 lágbára ju ìwọ̀nyí lọ, wọ́n sì ní rọ́bà tó ń dí eruku àti ìrì lọ́nà. Ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, lẹ́ǹsì 18-55 tó ń bá bọ́dì wá (18mm ń gba ibi tó fẹ̀, 55mm ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́) kò sì ní rọ́bà yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnu lẹ́ǹsì gan-an lomi ń gbà wọlé. Ó dà bí ẹni ti ilẹ̀kùn tó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Canon ni tàbí Nikon? Èyí tí ọ̀rẹ́ yín ń lò. Lẹ́ǹsì ọ̀kan kì í wọ èkejì, ẹni tí ẹ ó yá lẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ sì wúlò fún yín ju àríyànjiyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Lẹ́ǹsì

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Lẹ́ǹsì 18-55 tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ bọ́dì tó fún Olúmirìn, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ yí ojú rẹ̀ ká dáadáa. Canon ní èyí tí wọ́n kọ IS sí lára, ó sì ní òmíràn, 18-55 III, tí kò ní IS. Ìrísí wọn jọra débi pé àjèjì kò lè dá wọn mọ̀. VR ni Nikon ń kọ ní tirẹ̀. Ohun tí IS tàbí VR ń ṣe ni pé ó ń gba gbígbọ̀n ọwọ́ mọ́ra: lábẹ́ igi, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín kù tí ṣọ́tà sì lọ sílẹ̀ dé 1/15 ìṣẹ́jú àáyá, àwòrán èyí tó ní in á dúró, ti èyí tí kò ní in á fẹ́ di ìdàrúdàpọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni ká ra 50mm f/1.8 (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó) ní lẹ́ǹsì kan ṣoṣo nítorí pé ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ máa ń rẹwà. Sensor àwọn kámẹ́rà yìí kéré ju fíìmù àtijọ́ lọ, nítorí náà 50mm lórí Canon ń rí bí 80mm. Ẹ gbé e lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, tí gíga rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 5, kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá dúró lọ́ọ̀rọ̀, tí ẹ gbé kámẹ́rà ní ìnàró láìgbé ojú rẹ̀ sókè, 18mm á gba ọ̀pá náà láti ìdí dé orí ní nǹkan bíi mítà 7. Pẹ̀lú 50mm, ẹ ó fà sẹ́yìn tó bíi mítà 18. Ní Olúmirìn, ẹni tó bá fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sínú igbó tàbí sínú omi. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ́ǹsì kejì tí kò wúwo, 24mm f/2.8 STM wà fún Canon, 35mm f/1.8G DX wà fún Nikon. 55-250 dára fún àwọn ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Lórí òkè Ẹ̀rìn, ẹrù lásán ni.

Ẹni tó ń ra Nikon ní láti mọ lẹ́tà tó wà lára lẹ́ǹsì. Kò sí mọ́tò nínú bọ́dì àwọn D3000 àti D5000, láti D3100 dé D5600, nítorí náà lẹ́ǹsì AF àti AF-D kò ní fi ara wọn fókọ́ọ̀sì lórí wọn, ìyẹn ni pé wọn kò ní fúnra wọn mú àwòrán mọ́ kedere. AF-S tàbí AF-P ni kí ẹ wá. Síbẹ̀ AF-P pàápàá kò bá D3100, D3200, D5100 àti D7000 ṣe rárá: ẹ kò ní lè fi ọwọ́ fókọ́ọ̀sì rẹ̀ pàápàá. Ti Canon rọrùn. Àmì pupa roboto ni EF, àmì funfun onígun mẹ́rin ni EF-S, méjèèjì ló ń wọ gbogbo bọ́dì Canon tí a dárúkọ. RF ti mirrorless ni, kì í wọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa yẹ tòkunbọ̀ wò

Yálà Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ lọ tàbí ọwọ́ ayàwòrán kan ní Lágéèrè ní Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ mú káàdì SD tiyín, tọ́ọ̀ṣì kékeré àti ìdajì wákàtí dání. Òǹtajà tó bá ń kán yín lójú, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́ǹsì. Ẹ yọ ọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni òwú tín-tín-ín tó nà bí òwú aláǹtakùn: lẹ́ǹsì náà ti bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu, ọ̀rinrin ló sì fà á. Ó ń jẹ ojú dígí, fífọ̀ rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ dá a padà. Ẹ yí súùmù láti 18 dé 55. Bó bá ń ha bí iyanrìn, ó ti ṣubú rí tàbí ó ti mu eruku.

Ẹ wo inú bọ́dì láìfi ọwọ́ kan dígí. Àwọn irin wúrà ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kò sì gbọdọ̀ sí ìpata níbi bátìrì, nítorí ìpata níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti wọ̀ ọ́ rí. Bátìrì tó bá wú, ẹ má gbà á.

Ẹ wá dán sensor wò. Ẹ gbé e sí f/22, ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí ẹ fẹ àwòrán náà lójú. Àmì dúdú roboto jẹ́ eruku, ó ṣeé fọ̀. Ilà tó rí bí ibi tí wọ́n ti họ kò ṣeé fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dé ojú lẹ́ǹsì, ẹ yà á ní ISO 800 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ sí) fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Àmì pupa tàbí funfun díẹ̀ kò burú, tó bá pọ̀ bí ìràwọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ yí i sí yíyà léraléra, ẹ yà tó ogún. Ṣọ́tà tó ti ń rẹ̀ á tàsé, tàbí kí Canon kọ Err 30. Err 01 ni ti pé bọ́dì àti lẹ́ǹsì kò gbọ́ ara wọn. Nígbà míì aṣọ gbígbẹ tí ẹ fi nu irin wúrà ti tó. Iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí wà nínú fáìlì àwòrán Nikon, ẹ lè fi kọ̀ǹpútà wò ó. Ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀, ó ní software tó ń kà á. Èyí tó ti kọjá 60,000 lára àwọn kámẹ́rà kékeré yìí, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ẹ tún fi nọ́ńbà ìdí rẹ̀ wé ti páálí àti rìsíìtì. Kámẹ́rà tí kò ní méjèèjì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn tó ń wá a kiri.

Káàdì náà ní ayédèrú. Ra 32GB méjì tí wọ́n kọ Class 10 tàbí U1 sí lára, má ra 64GB kan ṣoṣo. Kí ọjọ́ ìrìn tó pé, ẹ fi fáìlì kún un dẹ́nu kí ẹ sì ṣí wọn wò. Ayédèrú a máa gba fáìlì bí ẹni pé kò sí wàhálà, àmọ́ àwọn tó wọlé kẹ́yìn kò ní ṣí.

Ní ìdí omi

Kí omi tó lè rí bí aṣọ ṣẹ́dà lójú àwòrán, ṣọ́tà gbọ́dọ̀ ṣí fún bíi 1/4 sí 1 ìṣẹ́jú àáyá, kò sì sí ọwọ́ tó lè dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà ló ń ṣe é. Èyí tó fúyẹ́ jù á máa gbọ̀n bí atẹ́gùn omi bá fẹ́ lù ú. Ẹ so báàgì kọ́ àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi tímà ìṣẹ́jú àáyá 2 yà á. Nínú oòrùn gangan, ISO 100 àti f/22 á fún yín ní bíi 1/50, ìyẹn ti yára jù. Filter ND8, ìyẹn dígí dúdú tí wọ́n ń fi bo ojú lẹ́ǹsì kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù, á mú un wálẹ̀ sí bíi 1/6. Bí ẹ bá tètè dé kí oòrùn tó yọ sórí omi, òjìji nìkan lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí filter. Kí ẹ tó ra filter, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Ø lójú lẹ́ǹsì: 58mm ni 18-55 Canon tó ní IS II, 52mm ni 18-55 VR II ti Nikon, 55mm sì ni AF-P.

Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níbi tí omi ti ń ta. Bí eruku bá wọlé, rọ́bà ìfẹ́fẹ́ ni kí ẹ lò, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ nítorí itọ́, ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. (Àwọn kan ń ṣe é. Atẹ́gùn yẹn máa ń gbé òróró àti omi wá.) Bí kámẹ́rà bá já sómi, ẹ yọ bátìrì lójú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́: títàn yẹn ló ń pa á, kì í ṣe omi.

Bí ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má yọ kámẹ́rà kúrò nínú báàgì bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀rìn. Ojú lẹ́ǹsì á bo fún ìkùukùu. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì tí wọ́n pa dé fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ ṣí báàgì sílẹ̀ lábẹ́ fáànù mọ́jú, kí ẹ tó dá wọn padà sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú silica gel. Ìrẹsì kò lè rọ́pò rẹ̀. Eruku inú rẹ̀ ló ń wọ ihò kámẹ́rà.