Ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ po kọnkéré ìdíje

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹnjiníà ìkọ́lé ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po kọnkéré ìdíje yín lọ́jọ́ Sátidé. Tí ọjọ́ 28 tí a máa ń dán agbára kọnkéré wò bá pé, Sátidé náà ló máa bọ́ sí, ẹ ó sì bá ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ní títì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dáa jù.

Ẹ fi ọ́ìlì pa inú móòdù 150 mm (àpótí tí a ń rọ kọnkéré sí kó lè gbẹ), ẹ rọ kọnkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 35. Ibi tí wọ́n bá ti kánjú gún un ni afẹ́fẹ́ ń há sí, kì í sì lágbára. Lásìkò òjò, iyanrìn ti mumi tẹ́lẹ̀, ẹ dín omi kù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú kọnkéré kúrò nínú móòdù, ẹ kọ déètì sí i lára, kí ẹ tó rì í sómi.